Nixpkgs lórí láptọ́ọ̀pù kan: ṣé kí n clone ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ni, àbí ẹ̀ka lásán ti tó?

Ọmọ Akòkà:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. NixOS (Linux tí Nix ń kọ́) ni mò ń lò, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí nixpkgs, ibi tí ìlànà àwọn package ẹ̀ wà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé fóldà kan ṣoṣo ni mo ti ń tún package ṣe, ibẹ̀ ni mo ti ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíì wò, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ (build) ẹ̀rọ tèmi gan-an. Tí mo bá wà lẹ́nu nǹkan kan tí wọ́n ní kí n wá yẹ òmíì wò, màá stash (kí git bá mi gbé iṣẹ́ tí kò tíì parí sẹ́gbẹ̀ẹ́), màá bọ́ sí ẹ̀ka míì. Kí n tó padà, n ò ní mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní kí n clone repo náà (kí n da gbogbo ẹ̀ kọ pẹ̀lú ìtàn ẹ̀) lẹ́ẹ̀mẹta kí n sinmi. Ẹlòmíì ní ìwà ọ̀lẹ nìyẹn, pé ẹni tó bá mọ git, ẹ̀ka ló ń lò. Dátà ò pọ̀ lọ́wọ́ mi, iná ò sì dúró ní àdúgbò wa. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

* * *

Ará Sùúrùlérè:

Àbúrò, ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kọ́ rárá. Ẹ̀ka máa ń ya ìtàn iṣẹ́ sọ́tọ̀, kì í ya fóldà sọ́tọ̀. Fóldà gan-an lo sì nílò, torí nǹkan mẹ́ta lò ń ṣe pọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹ̀rọ tó o fi ń ṣe méjì tó kù.

Má clone ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún àwọn tí wọn ò mọ̀ ọ́n, nixpkgs ni ibi tí wọ́n kó gbogbo ìlànà tí Nix fi ń kọ́ package sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ti lé ní 100,000, inú repo git kan ṣoṣo sì ni gbogbo ẹ̀ wà, pẹ̀lú ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ láti 2003. Clone kíkún kan á jẹ gígábáìtì mélòó kan. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́nu ẹ̀, git kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Gbogbo ohun tó ti wọlé ti ṣòfò nìyẹn, wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

`git worktree` ni kó o lò. Ó ti wà nínú git láti ẹ̀dà 2.5 tó jáde ní 2015, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi git jẹun ò tíì tẹ̀ ẹ́ rí. Clone kan lo máa ní, wàá wá yọ fóldà míì láti ara ẹ̀ (upstream ni orúkọ tí a fún repo nixpkgs gan-an lórí GitHub):

    cd ~/nixpkgs
    git fetch upstream
    git worktree add ../nixpkgs-ise -b tun-package-se upstream/nixos-unstable
    git worktree add --detach ../nixpkgs-ayewo upstream/master

Wọ inú nixpkgs-ise, kó o tẹ `cat .git`. Wàá rí i pé .git ibẹ̀ kì í ṣe fóldà rárá. Fáìlì ni, ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀: `gitdir:`, lẹ́yìn náà ọ̀nà tó lọ sí `.git/worktrees/nixpkgs-ise` nínú clone àkọ́kọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fóldà kọ̀ọ̀kan ní HEAD tiẹ̀ (ibi tó dúró sí nínú ìtàn), ó ní index tiẹ̀ (ohun tó o tò sílẹ̀ láti commit), ṣùgbọ́n àwọn commit (ìgbésẹ̀ iṣẹ́ tí git ti pamọ́), ẹ̀ka àti gbogbo ohun tó o fetch (ohun tuntun tó o wà sílẹ̀ láti upstream), àjọní ni. Fetch lẹ́ẹ̀kan péré, fóldà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rí i. Dátà lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

* * *

Ọ̀tígbà, Ìkẹjà:

Èmi ò gbà. Ọjà Computer Village ni mo wà, mo mọ iye tí SSD ń lọ. Ẹ clone, ẹ sinmi. Worktree ní òfin tó ń bí èèyàn nínú: ẹ ò lè ṣí ẹ̀ka kan náà ní fóldà méjì, git á ní ó ti wà ní ibòmíì. Stash náà ń dà pọ̀, ohun tí ẹ stash ní fóldà kan ń yọjú ní fóldà kejì. Clone ò ní gbogbo wàhálà yẹn, tí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, òmíì ń bẹ.

* * *

Ará Sùúrùlérè:

Ẹ ṣeun, bẹ́ẹ̀ ni git ń ṣe lóòótọ́. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni ohun tí ẹ fà yọ níbẹ̀.

Òfin ẹ̀ka yẹn, ààbò ni. Ká ní git gbà kó o ṣí ẹ̀ka kan ní fóldà méjì, tó o sì commit ní ọ̀kan, fóldà kejì á máa wo ẹ̀ka tó ti rìn síwájú nígbà tí fáìlì tiẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. Wàá tẹ `git status`, á sọ pé o yí fáìlì tí ọwọ́ rẹ ò kàn padà. Tó bá jẹ́ pé wíwò lásán lo fẹ́ wo ohun tó wà lórí ẹ̀ka kan, fi `--detach` ṣí i, tí kì í di ẹ̀ka kankan mú. Kò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Ti stash, òótọ́ ni, àjọní ni. Ṣùgbọ́n kí lo tún ń stash fún nígbà tí fóldà iṣẹ́ rẹ wà níbi tó wà tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án? Èmi ti pa stash tì pátápátá nínú nixpkgs. Tí mo bá fẹ́ dìde, mo máa commit, màá kọ "kò tíì parí" síbẹ̀, màá ṣàtúnṣe ẹ̀ nígbà tó bá yá.

"Òmíì ń bẹ" ni mo fẹ́ kí ẹ tún rò wò. Clone mẹ́ta lórí díìsì kan, tí díìsì yẹn bá kú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Tí wọ́n bá já láptọ́ọ̀pù gbà lọ́wọ́ èèyàn ní Ọ̀shòdì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá a lọ. Push iṣẹ́ rẹ sí fork rẹ (ẹ̀dà tìrẹ lórí GitHub) ní alaalẹ́, ìyẹn ni ìpamọ́.

Ohun kan wà tí mo gbà fún yín: tí ẹnì kan bá fẹ́ dán nǹkan tó lè ba ìtàn repo jẹ́ wò, kó ya clone sọ́tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ ara rẹ̀ ni kó ti clone ẹ̀, `git clone ~/nixpkgs idanwo`. Git á lo hardlink (orúkọ kejì fún fáìlì kan náà), kò ní jẹ dátà kankan, díẹ̀ ló sì máa jẹ lórí díìsì lẹ́yìn àwọn fáìlì tó bá ṣí. Kí ẹ má lọ lo `--reference` tí ẹ ò bá mọ ohun tí ẹ ń ṣe o. Clone tí ẹ bá fi ìyẹn ṣe ń yá nǹkan lò lára tàkọ́kọ́ ni. Tí tàkọ́kọ́ bá gbálẹ̀, tó sọ ohun tí kò nílò mọ́ nù, ẹni tó ń yá a lò ti wọ gàù.

* * *

Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Fóldà kan, ẹ̀ka kan, iṣẹ́ kan. Ẹ parí ọ̀kan kí ẹ tó mú òmíì. Àti pé tí Nix bá ti ka gbogbo fáìlì tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ package, ẹ lè bọ́ sí ẹ̀ka míì, kò kàn án mọ́.

* * *

Ará Sùúrùlérè:

Ọ̀rọ̀ yín tó kẹ́yìn yẹn dáa, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí Nix bá ń ka ìlànà ló ń wo fóldà. Tó bá ti kà á tán, ohun gbogbo ti wọ /nix/store, ibi tí Nix ń kó ohun tó ń lò àti ohun tó kọ́ sí, ẹ̀ka tí ẹ bọ́ sí lẹ́yìn ìyẹn ò ní da ohun tó ń kọ́ rú.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e débi tó ń lọ. Ẹ ti bọ́ sí ẹ̀ka míì. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, package yẹn kọ̀, ìlà kan ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ gbọ́dọ̀ padà. Ohun tí ẹ sì ń yẹ̀ wò fún ẹlòmíì ti wà lójú fóldà náà láìparí. Níbo lẹ fẹ́ gbé e sí? Orí stash. A ti padà síbi tí Ọmọ Akòkà ti bẹ̀rẹ̀.

"Parí ọ̀kan kó o tó mú òmíì" ń ṣiṣẹ́ níbi tí iṣẹ́ ń tètè parí. Ní nixpkgs, o lè fi package ránṣẹ́ lónìí kó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹni tó ní àṣẹ tó wò ó. Ṣé kéèyàn káwọ́ gbera ni?

Ewu tó tóbi jù lójú mi ni ti ẹ̀rọ gan-an. Àbúrò ní inú fóldà yẹn náà ni òun ti ń kọ́ NixOS òun. Ó lè wà lórí ẹ̀ka tó fi ń dán glibc wò, èyí tí package tó pọ̀ jù lọ gbára lé, kó gbàgbé, kó sì tẹ `nixos-rebuild switch`, tó ń kọ́ ẹ̀rọ lọ́tun. NixOS á jẹ́ kó padà sí ti àná láti ojú boot, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbogbo ayé lọ́tun. Fóldà tí ẹ̀rọ rẹ gbára lé, má ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Tèmi ń jẹ́ `ile`. N kì í ṣí fáìlì níbẹ̀ láti kọ nǹkan sí i.

* * *

Ará Sùúrùlérè (mo tún padà wá):

Ohun kan wà tí a ò tíì sọ, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ iná àti dátà ju ohun gbogbo tí a ti ń jà lé lórí lọ. Ìbéèrè náà ni: orí commit wo ni fóldà iṣẹ́ rẹ dúró lé?

Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo kọ lókè. `upstream/nixos-unstable` ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ fún nixpkgs-ise, kì í ṣe `upstream/master`. Ìdí ni pé ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Hydra ló ń kọ́ package fún gbogbo wa, tó ń kó o sí cache.nixos.org, ibi tí Nix ti ń wà á sílẹ̀ dípò kó kọ́ ọ. Orí master, ẹ̀ka àgbà nixpkgs, commit ń wọlé ní wákàtí wákàtí, Hydra ò lè bá gbogbo ẹ̀ dọ́gba lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ka nixos-unstable kì í sún síwájú àfi tí Hydra bá ti kọ́ ohun tó ṣe kókó tó sì ti dán an wò. Tó o bá gé ẹ̀ka rẹ láti orí master ti ìsinsìnyí, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan tí package rẹ gbára lé, tí kò sì tíì sí nínú cache. Kọ̀ǹpútà rẹ ló máa kọ́ ọ.

Ẹni tó bá ti jókòó ti láptọ́ọ̀pù tó ń compile webkitgtk lálẹ́, lórí ìnfátà, nígbà tí wọ́n ti mú iná, á mọ ohun tí mò ń wí. Fáànù á máa hu, abẹ́ ẹ̀ á gbóná débi pé kò ní ṣeé gbé lé itan, àmì bátìrì ìnfátà á máa wálẹ̀ lójú ẹ. Tó bá kú kó tó parí, ohun tó ti kọ́ lára package yẹn ti lọ. Nix kì í dá kíkọ́ package dúró sáàárín kó tún bá a lọ lọ́jọ́ kejì.

Nítorí náà, ṣáájú kó o tó kọ́ ohunkóhun:

    nix-build -A orukọ-package --dry-run

Á tò ó fún ọ: àwọn tó máa kọ́ fúnra ẹ̀, àti àwọn tó máa wà á sílẹ̀, pẹ̀lú iye MiB tó máa jẹ. Tó o bá rí orúkọ gcc, llvm tàbí rustc nínú àwọn tó fẹ́ kọ́ fúnra ẹ̀, tí kì í sì í ṣe ìwọ lo fọwọ́ kàn wọ́n, dúró. Ìpìlẹ̀ rẹ ni ò dáa.

Kò sóhun tó burú tó o bá fi iṣẹ́ tó dúró lórí nixos-unstable ránṣẹ́ sí master. Commit tó wà lórí nixos-unstable ti kọjá lórí master kó tó débẹ̀, git á mọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Staging nìkan ni kí o ṣọ́ra fún. Àtúnṣe tó bá máa mú kí ọ̀pọ̀ package di kíkọ́ lọ́tun, staging ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, kì í ṣe master. Tó o bá gé ẹ̀ka láti orí staging, tó o wá fi í ránṣẹ́ sí master, gbogbo commit staging tí kò tíì dé master ló máa bá ọ lọ, GitHub á sì ránṣẹ́ pe ọ̀pọ̀ èèyàn tí ọ̀rọ̀ ò kàn kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tí o kò bá mọ èyí tí iṣẹ́ rẹ máa já sí, gé e láti ibi tí méjèèjì ti pàdé. `git merge-base upstream/master upstream/staging` á fi hàn ọ́.

* * *

Obìnrin Yábàá:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Inú bọ́ọ̀sì lórí Third Mainland ni mo ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ mi, torí gosiló ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, fóònù ni mo sì fi ń fún láptọ́ọ̀pù ní íntánẹ́ẹ̀tì. `git clone --filter=blob:none` ni mo lò, dátà tó jẹ kéré gan-an. Ṣé ó bá worktree mu?

* * *

Ará Sùúrùlérè:

Ó bá a mu, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n inú bọ́ọ̀sì yẹn gan-an ló ti máa já yín kulẹ̀. Irú clone yẹn kì í kó ohun tó wà nínú àwọn fáìlì àtijọ́ wá, ìgbà tí ẹ bá nílò wọn ló ń lọ wá wọn. Ẹ fẹ́ ṣí worktree lórí ẹ̀dà oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tàbí kí ẹ tẹ `git blame`, git á ní kí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ẹ wà láàárín ọ̀sà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ṣá. Iṣẹ́ dúró.

Ẹ rántí 14 Oṣù Kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan tí íntánẹ́ẹ̀tì wa di ìdákúrekú. Ẹni tí ìtàn repo pé sí lọ́wọ́ ṣì lè gé ẹ̀ka, kó yẹ commit wò, kó ṣí worktree lórí ẹ̀dà èyíkéyìí. Nítorí ẹ̀ ni mo fi fẹ́ràn clone kíkún, ẹ̀ẹ̀kan péré, ká sì wá ọ̀nà tó rọrùn láti gbà á.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ò sì jìnnà sí Ọmọ Akòkà. Ọ̀rẹ́ rẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn, ṣebí ó ti ní nixpkgs? Gba flash lọ bá a. Kó tẹ `git bundle create nixpkgs.bundle --all`, fáìlì kan ṣoṣo ló máa jáde. Clone láti ara fáìlì yẹn, fún GitHub ní orúkọ upstream, kó o sì fetch. Ìyàtọ̀ tó ti wọlé látìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ ti fetch nìkan lo máa wà sílẹ̀. Ṣàyẹ̀wò flash náà ṣáá o: tó bá jẹ́ FAT32, kò lè gba fáìlì kan tó tó 4 GiB. Exfat tàbí ext4 ni kó o fi ṣe é.

Tí kò bá sẹ́ni tó ní in nítòsí, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `--depth 1`, tó ń kó commit tó kẹ́yìn nìkan wá, kó o wá máa fi `git fetch --deepen` fà á wọlé díẹ̀díẹ̀, nígbà tó o bá wà níbi tí wáífáì wà. Tí ọ̀kan bá já, ìyẹn nìkan lo pàdánù. Má kàn fi í sílẹ̀ ní depth 1. Git ò ní mọ ibi tí ẹ̀ka méjì ti pàdé, rebase rẹ (gbígbé commit rẹ sórí ìpìlẹ̀ tuntun) á di ìdààmú.

* * *

Ọmọ Akòkà:

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti gba bundle lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, fóldà mẹ́ta ti wà: ile, ise, ayewo. Àmọ́ díìsì mi ti fẹ́ kún. Mo tẹ `nix-collect-garbage`, kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù.

Ọ̀tígbà, Ìkẹjà:

Mo ti sọ pé kí ẹ ra SSD.

* * *

Ará Sùúrùlérè:

Má tíì náwó. Tẹ `ls -l` nínú fóldà kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé wàá rí `result` níbẹ̀, bóyá `result-2` pẹ̀lú. Ìgbàkígbà tó o bá tẹ `nix-build`, Nix máa ń fi ìtọ́ka yẹn sílẹ̀. Ó ń tọ́ka sí ohun tó kọ́ nínú /nix/store, ó sì ń sọ fún ẹni tó ń gbálẹ̀ pé wọ́n ṣì ń lo èyí, kó má kó o. Tó o bá ti yẹ iṣẹ́ ẹnì kan wò tí browser odindi wà nínú ẹ̀, browser yẹn àti gbogbo ohun tó gbára lé ṣì jókòó síbẹ̀. Pa àwọn `result` rẹ́, kó o tún gbálẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, fi `--no-out-link` kún un tó bá jẹ́ pé àyẹ̀wò lásán ni.

Ohun kejì: ṣé `nix build .#package` lò ń tẹ̀? Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Nix, ìyẹn máa ń da gbogbo fáìlì repo kọ sínú /nix/store kó tó bẹ̀rẹ̀, á sì tún dà á kọ nígbà tó o bá yí nǹkan padà. Nínú repo tó tóbi báyìí, ó ń jẹ ààyè, ó sì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. `nix-build -A` ni kó o máa lò ní nixpkgs.

Fóldà tó o ṣí fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí iṣẹ́ náà bá ti wọlé, `git worktree remove` ni. Má fi `rm -rf` ṣe é. Tó o bá ti fi ṣe é, tẹ `git worktree prune` kí git lè gbàgbé ẹ̀. `remove` kì í gbà láti pa fóldà tí iṣẹ́ tí o kò tíì commit wà nínú ẹ̀, ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Fún àyẹ̀wò, wo `nixpkgs-review` náà: òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣí worktree fún iṣẹ́ tó o fẹ́ yẹ̀ wò, tí á kọ́ àwọn package tó yí padà. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, fóldà àyẹ̀wò mi ò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ mọ́.

* * *

Ìsàlẹ̀ Èkó:

Èmi náà ti dán an wò. Mo ṣe é bíi tàwọn kan: clone `--bare` (tí kò ní fóldà iṣẹ́ tiẹ̀), kí gbogbo fóldà jẹ́ worktree, kó má sí olórí. Mo fetch, mi ò rí `upstream/master` kankan.

Ará Sùúrùlérè:

Clone `--bare` kì í ṣètò ibi tí ẹ̀ka ọ̀nà jíjìn (remote) máa wọlé sí. Orúkọ tó fún ọ̀nà jíjìn yẹn sì ni `origin`, ẹ kọ́kọ́ fi `git remote rename origin upstream` yí i padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `git config remote.upstream.fetch '+refs/heads/*:refs/remotes/upstream/*'`, kí ẹ tún fetch. Ètò yẹn dáa, èmi ni kò kàn wù. Mo fẹ́ kí `ile` jẹ́ clone gidi, kí n má baà fi ìkánjú pa á rẹ́: git kì í gbà kéèyàn fi `worktree remove` yọ tàkọ́kọ́.

* * *

Obìnrin Yábàá:

Ìbéèrè kan ló kù. Mo fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Ṣé mo lè gbé gbogbo fóldà wọ̀nyí lọ bẹ́ẹ̀, àbí mo máa ṣí worktree lọ́tun?

Ará Sùúrùlérè:

Ẹ gbé wọn lọ. Ọ̀nà kíkún ló wà nínú fáìlì .git tí a sọ níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà tí orúkọ yín lórí ẹ̀rọ tuntun àti ibi tí ẹ kó o sí bá jẹ́ kan náà, kò sóhun tí ẹ máa ṣe. Tí ó bá yàtọ̀, ẹ wọ clone àkọ́kọ́, kí ẹ tẹ `git worktree repair`, kí ẹ to ọ̀nà tuntun gbogbo fóldà yòókù tẹ̀ lé e. Git 2.31 sókè ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ pa gbogbo `result` rẹ́ kí ẹ tó dà wọ́n kọ, torí wọn ò ní tọ́ka sí nǹkan kan lórí ẹ̀rọ tuntun. Tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ tẹ `git worktree list`: ìlà tó bá ní `prunable` lẹ́yìn, ọ̀nà ẹ̀ ni kò tíì tọ́.